Sípíríǹgì tó ṣẹ́ lẹ́nu géètì: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà ilé wọn ní ìhà Òjòó ní Ìbàdàn. Ó ti yí sítíárìn dé òpin kí imú ọkọ̀ lè kọjú sí títì, nígbà tí nǹkan kan dún "gbàù" lábẹ́ ọkọ̀ náà ní ọwọ́ ọ̀tún níwájú. Eré tí ọkọ̀ náà ń sá nígbà yẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn yóò yà á sílẹ̀. Kò sí kòtò lẹ́nu géètì yẹn, kò sí búm̀pù, kò sì sí òkúta tí táyà lè gùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, ọkọ̀ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, etí fẹ́ńdà ọ̀tún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí táyà. Sípíríǹgì, irin kíká tó ń gbé igun ọkọ̀ dúró, ló ṣẹ́.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ yá ọkọ̀ náà lọ sí ìsìnkú kan ní Ìsẹ́yìn, òun àti ènìyàn mẹ́rin mìíràn. Ó fọ ọkọ̀ kó tó dá a padà, ó rọ epo sí i, kò sì sọ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ náà ti yé e: irin kì í dédé ṣẹ́, nítorí náà ẹni tó gbé ọkọ̀ rìnrìn àjò gbẹ̀yìn ló ti kó o sí kòtò tó sì dákẹ́. Àmọ́ ìyàwó ilé kì í na ìka sí ọkọ rẹ̀ lójú, bó ti wù kí ọkọ náà kéré sí i lọ́jọ́ orí tó, ìdí nìyẹn tó fi rọra gbé ẹ̀sùn náà kalẹ̀ lórí fóònù pé, "Ọkọ mi, ẹ ò mà sọ fún mi pé ẹ kó sí kòtò lọ́nà Ìsẹ́yìn." Òun náà fèsì pé, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o, mi ò kó sí kòtò kankan." Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti yà sí ilé wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, nítorí pé iṣẹ́ irin ni mo kọ́. Gbogbo ẹbí ló ti dá ẹjọ́ náà nígbà tí mo fi dé, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì wo ojú ibi tí irin náà ti ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ibẹ̀ ló máa ń sọ ìgbà tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́.

Kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, mo kọ́kọ́ béèrè ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni, wọ́n ṣe é ní 2006, ẹ̀gbọ́n mi sì rà á ní 2015. Máìlì 143,000 ló wà lójú aago rẹ̀ báyìí, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 230,000. Ní oṣù keje ọdún 2023, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún "kọ́, kọ́" nígbàkúùgbà tó bá ń yà ní kọ́nà tàbí tó bá ń gun búm̀pù. Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà náà sọ pé líńkéèjì ni, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n pààrọ̀ líńkéèjì méjèèjì, ariwo náà rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà. Wọ́n wá ní kó máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, pé ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ láyé máa ń sọ̀rọ̀. Mo kọ oṣù keje yẹn sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ariwo tí líńkéèjì tuntun kò bá pa, kì í ṣe líńkéèjì ló ń pa á.

Ó yẹ kí n sọ irú irin tí sípíríǹgì jẹ́, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni, èyí tí a ń sọ yìí nípọn bí ọmọńdinrín ọwọ́, tí wọ́n ká bí ejò. Kì í ṣe irú irin tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn tàbí èyí tí a fi ń dá òpó ilé. Wọ́n máa ń po sílíkọ́nì àti àwọn èròjà mìíràn mọ́ ọn, wọ́n á fi iná sọ ọ́ di pupa, wọ́n á rì í sínú epo, wọ́n á sì tún yá a níná díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe sí àdá kí ó lè le láìjẹ́ pé ó ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́n ọta irin kéékèèké sí i lára kíkankíkan kí awọ ara rẹ̀ lè fún pọ̀, nítorí pé irin tí awọ rẹ̀ fún pọ̀ kì í tètè sán, wọ́n á wá fi ọ̀dà bò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ni pé nígbà tí àwọn òrùka sípíríǹgì bá ń sún mọ́ra, ọ̀pá irin náà kò tẹ̀ bí ẹni tẹ igi, ńṣe ló ń lọ́, bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀. Agbára lílọ́ yìí sì máa ń pọ̀ jù ní awọ ara irin, kì í ṣe ní àárín rẹ̀. Awọ ara ni ẹ̀mí sípíríǹgì wà, awọ ara yẹn náà ni ìpẹtà sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ìpẹtà bá jẹ ọ̀pá tó jẹ́ mìlímítà 12 títí tó fi ku 11, ìnira ojú ibẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i lábẹ́ ẹrù kan náà, ká má tíì sọ ti ihò kékeré tí ìpẹtà máa ń gbẹ́, tí ìnira máa ń kó ara jọ sí ẹnu rẹ̀.

Ẹni tó bá ti tẹ wáyà síwá-sẹ́yìn rí títí ó fi já mọ bí ó ti ń rẹ irin. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rọ́ sókè rọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé láàárín kìlómítà 230,000 sípíríǹgì yẹn ti lọ́, ó sì ti tú, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 ìgbà. Irin tí awọ rẹ̀ pé lè fara da ìyẹn. Èyí tí ìpẹtà ti gbẹ́ ihò sí lára kò lè fara dà á.

A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí mo fọkàn tán ní Agbowó. Ìdí ni pé nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà ọ̀tún, mo bá ojú ibi tí ẹnu irin tó ṣẹ́ ti ha rọ́bà. Ẹnu irin náà mú bí ṣọ́ńṣó ọ̀bẹ, kò sì ju ìka méjì lọ sí ara táyà. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá gún táyà lórí eré ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ni àwọn ènìyàn yóò máa sọ nílé lọ́jọ́ kejì.

Ní ti títú u, ọ̀gá mẹkáníìkì náà ní irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì pọ̀, ìkọ́ méjì tí ń bẹ lára ọ̀pá onínọ́ọ̀tì, ó sì fi há àwọn òrùka náà mọ́ra kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó wà ní orí ṣọ́ọ̀kù, ọ̀pá ọlọ́ìlì tí sípíríǹgì yí ká, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó. Mo dárúkọ èyí nítorí pé mo ti rí ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi okùn àti wáyà so ó, tí wọ́n sì ń gbójú sí ọ̀kánkán rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì yẹn. Agbára tó ń gbé igun ọkọ̀ kan dúró ló wà nínú àwọn òrùka yẹn. Bó bá tú lójijì, ó lè fọ́ àgbọ̀n ènìyàn, ó sì lè pa á.

Àwo kan wà lára ṣọ́ọ̀kù tí ìdí sípíríǹgì máa ń jókòó sí. Ẹrọ̀fọ̀ pupa ti gbẹ sínú àwo yìí gan-an-gan. Bí a ṣe ń fi ṣọ́ńṣó irin hú u ni a bá ègé kan nínú rẹ̀, gígùn rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 7: ìrù òrùka ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì gbé e sókè, ó ní, "Ẹ́ńjíníà, ẹ wò ó o, èyí kì í ṣe ti àná." Ègé mẹ́ta ni sípíríǹgì náà, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin wá láti bá wa nu ojú ibẹ̀ kó lè mọ́, mo yára dá a dúró. Búrọ́ọ̀ṣì onírin a máa pa ẹ̀rí rẹ́. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, mo wá gbé e sí oòrùn.

Ojú àkọ́kọ́, níbi tí ìrù ti kúrò, dúdú ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú látòkè délẹ̀, kò sí ibi tó ń dán nínú rẹ̀ àyàfi ní etí méjì tí irin ti ń ha irin títí tí wọ́n fi jọ̀lọ̀. Ìpẹtà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí etí rẹ̀ sì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oṣù bíi mélòó kan ni, ó sì bá oṣù keje tí mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ mu rẹ́gí: ìrù tó já yìí, tó ń gbá inú àwo kiri, ni "kọ́, kọ́" tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ líńkéèjì. Láti ìgbà yẹn ni sípíríǹgì náà kò ti jókòó dáadáa mọ́, tí ẹnu rẹ̀ tó ṣẹ́ ń bó ọ̀dà ara rẹ̀ àti ti àwo, tí ẹrọ̀fọ̀ sì ń wọ ibi tí ọ̀dà ti bó.

Ojú kejì, tó fi nǹkan bí òrùka kan jìnnà sí ti àkọ́kọ́, ni ó sọ̀rọ̀ jù. Ó ṣẹ́ ní dágọ̀ọ́dágọ̀ọ́, ní nǹkan bí ìdajì igun ilé, bí ọ̀pá tí a lọ́ pa ṣe máa ń ṣẹ́. Ihò ìpẹtà kan wà ní etí rẹ̀, kò tó orí ìṣáná. Láti ẹnu ihò yìí ni àwòrán kan ti gbòòrò wọ inú irin bí èékánná tàbí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, dúdú, ó sì gba bí ìdá mẹ́rin ojú náà. Lẹ́yìn tí dúdú yìí parí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n bí ọsàn ràn mọ́ etí rẹ̀, kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Gbogbo ìyókù ń dán bí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nítorí pé ọyẹ́ ń jà, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìpẹtà kò sì tíì ráyè mú un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sísán náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ihò, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń dípẹtà bí ó ṣe ń wọlé, títí ìyókù irin kò fi lè gbé ọkọ̀ mọ́, tó sì já lẹ́ẹ̀kan náà.

Èé ṣe tó fi jẹ́ ẹnu géètì? Nígbà tí a wo bíárìn tó wà lórí ṣọ́ọ̀kù, a rí i pé ó ti le gbagidi. Bíárìn yìí ló yẹ kó jẹ́ kí sípíríǹgì máa yí pẹ̀lú táyà bí awakọ̀ bá yí sítíárìn. Nígbà tí kò yí mọ́, orí sípíríǹgì dúró, ìdí rẹ̀ ń bá táyà lọ, yíyí sítíárìn dé òpin sì wá di lílọ́ mìíràn lórí lílọ́ tó wà nílẹ̀. Ìyẹn ló fa èyí tó kù já. Àwọn kan nílé sọ pé ọyẹ́ ni, torí pé wọ́n gbọ́ pé òtútù máa ń ṣẹ́ sípíríǹgì nílùú òyìnbó. Ọyẹ́ Ìbàdàn kò tutù tó láti ṣe irin ní nǹkan kan.

Ihò ìpẹtà ló wá kù, ìyẹn ibi tó ti wá. Nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo abẹ́ rẹ̀. Àwọn bóòtù ti wú, àwọn irin tí ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró ń ṣí bí èèpo igi, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé Ìbàdàn nìkan ló ti rìn kì í rí báyẹn. Nọ́ńbà ara ṣáṣí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ìyẹn ni pé ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Ìwé pélébé kan sì ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ti àwọn tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn lọ́hùn-ún ní ọdún 2013, ní ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹni tó bá mọ Buffalo, ní etí adágún Erie, mọ̀ pé yìnyín kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì láti yọ́ yìnyín, omi iyọ̀ yẹn ni táyà sì ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Òkúta wẹẹrẹ a ha ọ̀dà sípíríǹgì, omi iyọ̀ a wọ ojú ibẹ̀, irin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọdún bíi méje ni ọkọ̀ yìí ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ kó tó gun orí ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Iyọ̀ tó bá sì ti kó sínú ihò ìpẹtà tàbí sábẹ́ ọ̀dà tó ti ṣí kì í tètè jáde. Nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ fúnra rẹ̀ a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, òjò ò tilẹ̀ nílò láti rọ̀. Nínú oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ó pọ̀ lọ́jọ́ tí Ìbàdàn máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn.

N kò sọ pé Buffalo nìkan ló jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta oúnjẹ, láti ọjà Bódìjà ló sì ti ń kó àpò ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà mìíràn kódà lórí ìjókòó iwájú, tí í ṣe apá ọ̀tún gan-an. Apá ọ̀tún yìí kan náà ni ń gun etí títì tó ti jẹ, tó sì ń bọ́ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ gọ́tà nígbà tí ó bá ń yà fún ọkọ̀ akérò. Ṣọ́ọ̀kù apá náà ti jo gbogbo ọ́ìlì rẹ̀ dànù, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò tako mi rárá. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ ti kú kì í jó lẹ́ẹ̀kan tó bá kó sí kòtò, á jó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni sípíríǹgì yóò sì fi lọ́. Ẹrọ̀fọ̀ tó gbẹ sínú àwo ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé òun ló ń gba omi òjò dúró mọ́ ìdí irin, korobá omi kan báyìí ìbá sì ti fọ̀ ọ́ kúrò tí ẹnikẹ́ni bá bojú wo ibẹ̀.

Ìrìn àjò Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ènìyàn márùn-ún nínú ọkọ̀ kì í ṣe ẹrù tí kò ṣe é gbé. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tó gbà, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 65, sì jẹ́ ọ̀nà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà; ó dán ju ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà lójoojúmọ́ lọ sí Bódìjà. Bí ìrìn àjò náà bá ní ìpín kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n bí ọsàn yẹn, tí ìpẹtà rẹ̀ ṣì tuntun, ni ìpín rẹ̀, ìlà náà sì lè jẹ́ ti ẹrù ìrẹsì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ògiri ti lanu tipẹ́ kí alángbá yìí tó kọjá níwájú rẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi ìrù irin náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà mìíràn. Ẹnì kan nínú ilé ti mú wélídà wá, ó ní kí wọ́n jó àwọn ègé náà pọ̀, pé owó sípíríǹgì ti gun òkè. Mo kọ̀ jálẹ̀. Iná wélídà a máa tú gbogbo ohun tí iná àti epo ti ṣe fún irin náà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Apá kan ojú ibẹ̀ yóò le bí ìkòkò, apá kejì yóò rọ̀, yóò sì tún ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó, láìpẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ rọ́bà tí wọ́n máa ń há sáàárín òrùka láti gbé ọkọ̀ tó wọlẹ̀ sókè, torí pé òrùka tí rọ́bà bá há kò lè lọ́ mọ́, ẹrù rẹ̀ á sì bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù.

Sípíríǹgì tuntun méjì ni a rà, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù méjì àti bíárìn orí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ló dé tí a fi ń pààrọ̀ ti òsì tí kò ṣẹ́. Mo fọ ìdí ti òsì níwájú rẹ̀: ihò ìpẹtà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan sì jìn tó láti gba orí abẹ́rẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sípíríǹgì tó ti pẹ́ máa ń kúrú díẹ̀, bí tuntun bá wà lápá kan tí àtijọ́ wà lápá kejì, ọkọ̀ kò ní dúró déédéé. Tòkunbọ̀ wà tí owó rẹ̀ dín, mo sì yẹ méjì wò lórí igbá oníṣòwò náà. Ọ̀dà òkè wọn ń dán, ìdí wọn ti bó. Ibi ìdí yẹn ni kí olùrà máa wò.

Kí a tó tú ọkọ̀ náà, mo ti wọn gíga láti àárín rọ́ọ̀mù dé etí fẹ́ńdà: apá ọ̀tún fi sẹ̀ǹtímítà 6 kéré sí ti òsì. Lẹ́yìn tí a parí, ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Wọ́n tún ọwọ́ ọkọ̀ tò, wọ́n sì pààrọ̀ táyà tí irin ha.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi pe àbúrò ọkọ rẹ̀ pé, "Ọkọ mi, ọkọ̀ ti dára o, ẹ wá wò ó." Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kó tó wọlé kí ẹnikẹ́ni, ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà ọ̀tún.